Àìsàn Nìkan Kì í Dá Iṣẹ́ Sílẹ̀ fún Dókítà

Ọ̀nà mẹ́rin ló pàdé ní Rumuokoro, ní Port Harcourt. Ẹni tó bá gba East-West Road lọ sí ìwọ̀ oòrùn á kọjá Nkpolu àti Rumuosi kó tó dé Alakahia, níbi tí UPTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt, wà. Choba tí yunifásítì fúnra rẹ̀ wà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá gba Ikwerre Road wọ ìgboro á bá ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers ní Rumuigbo. Ẹni tó bá tẹ̀ lé East-West Road sí ìlà oòrùn á gba Eliozu já sí Eleme Junction, níbi tí iṣẹ́ epo rọ̀bì ti gbilẹ̀. Ọ̀nà kẹrin gba Rukpokwu àti Igwuruta lọ sí pápákọ̀ òfurufú Omagwa, ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, kẹ́míìsì àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì kún ẹ̀bá rẹ̀.

Mo to àwọn ọ̀nà yìí sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó ń sanwó fún iṣẹ́ dókítà yàtọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Alakahia, ìjọba àpapọ̀ ni. Ní Rumuigbo, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ní apá ibi tí epo wà, ilé iṣẹ́ ló máa ń bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa tọ́jú òṣìṣẹ́ òun, kí wọ́n sì máa kó ìwé owó wá. Ní ọ̀nà Igwuruta, àpò aláìsàn ni. Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní àyíká Rumuokoro, tí ọmọ wọn ń kọ́ ìṣègùn ní Choba, a máa béèrè pé ẹ̀ka wo ni kí ọmọ àwọn yàn tí iṣẹ́ kò fi ní í wọ́n ọn. Irú àìsàn tó pọ̀ nílùú ni wọ́n sábà máa ń fi dá ara wọn lóhùn. Ó dára kí wọ́n wò ó, àmọ́ kò tó. Àìsàn lè kún ìlú, kí dókítà tó mọ̀ ọ́n wò má sì ríṣẹ́ ṣe, bí kò bá sí ẹni tí yóò sanwó, bí kò bá sí irinṣẹ́ tí yóò lò, tàbí bí kò bá tiẹ̀ rí àyè kọ́ṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń pinnu ọjọ́ iwájú dókítà ju àìsàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àyè ìkọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi ń kọ́ ìṣègùn bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò bá dá sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò búra lábẹ́ MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, yóò ṣe háúsì-jọ́ọ̀bù ọdún kan, yóò sì sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Nígbà yẹn ó ti di dókítà tó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi, àmọ́ kò tíì ní ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé, ojú, ọpọlọ tàbí òmíràn gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn àgbà dókítà: ti orílẹ̀-èdè tó wà ní Ìjànikin l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìdánwò yẹn kò fún un níṣẹ́ o. Ìwé pé ó lè máa wá àyè résídẹ́ńsì, ìyẹn àyè ìkọ́ṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ló fún un. Bó bá rí àyè nílé ìwòsàn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fọwọ́ sí, yóò jẹ́ registrar, yóò ṣe ìdánwò kejì, yóò di senior registrar, yóò kọ ìwé ìwádìí, yóò tún ṣe ìdánwò ìkẹyìn kó tó lè di kọ́ńsọ́tántì. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geerege, ó tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ló ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ta kókó sí rèé. Kí ilé ìwòsàn tó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì á rán àwọn àgbà wá wo iye kọ́ńsọ́tántì tó wà níbẹ̀, iye ibùsùn, irinṣẹ́ àti iye aláìsàn. Kọ́ńsọ́tántì ló ń kọ́ni. Bí wọ́n bá ti dín kù kọjá iye kan, ìfọwọ́sí lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka náà, àyè ìkọ́ṣẹ́ á sì bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn ṣì tò lọ bíi ti àná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé dókítà 3.9 péré ló kan 10,000 ènìyàn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Apá kan rẹ̀ ṣí lóòótọ́: ilé ìwòsàn aládàáni ń wá dókítà kiri lójoojúmọ́. Àmọ́ bí àgbà tó ń kọ́ni bá lọ, ó ń ti ilẹ̀kùn kan mọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò lè kàn gba ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó lọ. Àṣẹ gbọ́dọ̀ ti Àbújá wá, àṣẹ náà sì máa ń pẹ́.

Kí ẹ wá fi èyí mọ́ ọn: láti 2023 ni ìjọba ti ń sọ pé òun fẹ́ mú àyè ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera yòókù kúrò ní 28,000 lọ sí 64,000 lọ́dún. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó ń jáde á gùn ju àyè résídẹ́ńsì lọ, ibẹ̀ ni mo rò pé ìjàkadì ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ yóò wà. Ní ọwọ́ kejì, ẹni tó bá lọ́kàn láti kọ́ni yóò ríṣẹ́ ṣe. Port Harcourt nìkan ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́ta: ti Choba, ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Rivers, àti PAMO, yunifásítì ìṣègùn aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017. Gbogbo wọn ló nílò dókítà tó lè kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ kì í sábà wo ibẹ̀, torí kò sí aláìsàn tó ń dúpẹ́, kò sì sí owó ilé ìwòsàn aládàáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní í wáṣẹ́ tì.

Ẹni tó ń sanwó ló wá kàn, òun ni mo sì fẹ́ pẹ́ lé lórí jù.

Ẹ wo kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, méjèèjì sì wọ́pọ̀ nílùú tí wàhálà pọ̀ bíi Port Harcourt. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìgbà kan péré ń gba 50,000 náírà, aláìsàn á ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan, á ta ilẹ̀, á yá owó, á sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ wà, àìsàn wà, dókítà kíndìnrín jókòó, àga ẹ̀rọ sì ṣófo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn wà lára wọn, yóò máa gba 12,000 náírà dípò 50,000. Àìsàn kò pọ̀ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù owó náà ló yí padà, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí iṣẹ́ dókítà kíndìnrín àti nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀rọ náà í lò gbòòrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ọkàn àti jẹjẹrẹ náà. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé dandan ni kí olúkúlùkù wà lábẹ́ ètò náà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Nàìjíríà ṣì fi ń sanwó ìtọ́jú. Ọjọ́ tí òfin yẹn bá kúrò lórí ìwé tó sì dé Rumuokoro ni àwọn ẹ̀ka tó gbówó lórí yóò tó gbòòrò. Ọmọ tó bá yan ẹ̀ka ọkàn lónìí ń ta tẹ́tẹ́ lórí òfin yẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àpẹẹrẹ kékeré kan ti wà nítòsí. Ní 2010, Shell àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò àdúgbò ní Obio Cottage Hospital, Rumuobiakani. Ará àdúgbò á san owó díẹ̀ lọ́dún, wọ́n á sì tọ́jú u. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí aboyún ń tò sí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí àti ti ọmọdé pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé owó ti wà nílẹ̀ kí aboyún tó rọbí. Nàìjíríà ló ní iye aboyún tó ń kú jù lọ láyé: Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú sí nǹkan bí 75,000 ní 2023. Kò sí orílẹ̀-èdè tí irú òǹkà yẹn wà tí dókítà agbẹ̀bí ti pọ̀ jù. Bó bá dà bíi pé wọ́n pọ̀ jù ní ìgboro Port Harcourt, ẹ gba ọ̀nà ìlú kéékèèké lọ.

Ẹ̀ka kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í sábà ronú kàn, tó sì jẹ́ pé Port Harcourt gan-an ni ilé rẹ̀: ìṣègùn ibi iṣẹ́. Dókítà yìí ló ń yẹ òṣìṣẹ́ wò kó tó gun orí omi lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo, tó ń wò ó bóyá ariwo ẹ̀rọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́, bóyá kẹ́míkà ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ dúró ire, torí òfin àti adójútòfò ló ń fipá mú àwọn ilé iṣẹ́ sanwó. Àmọ́ àdéhùn ló gbé e ró. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shell parí títa ilé iṣẹ́ epo orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà fún Renaissance, àgbájọ àwọn ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ti ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Epo kò kúrò nílẹ̀, òṣìṣẹ́ kò sì yéé nílò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń buwọ́ lu àdéhùn ti yí padà. Ẹni tó bá wà ní ẹ̀ka yìí gbọ́dọ̀ máa ka ìròyìn òwò bó ṣe ń ka ìwé ìṣègùn.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ìlera gbogbo gbòò, ìyẹn sì dùn mí. Ní 2014, ìlú yìí rí ohun tí ẹ̀ka yẹn lè ṣe. Ẹnì kan tó ti fara kan Ebola l'Ékòó sá wá sí Port Harcourt. Dókítà Iyke Enemuo tọ́jú rẹ̀, dókítà náà fúnra rẹ̀ kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Àwọn oníṣẹ́ ìlera gbogbo gbòò ló tọpa àwọn tó bá a pàdé láti ilé dé ilé, tí àrùn náà kò fi ràn kálẹ̀. Kí oṣù kẹwàá tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè ló gbé ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí ró, pàápàá ti HIV àti ti ibà. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti USAID, àjọ ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, pa ní 2025, ọ̀pọ̀ dókítà tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa sọ iṣẹ́ nù, kì í ṣe nítorí pé àrùn tán. Mo ṣì gbà pé ẹ̀ka náà yóò padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ìjọba tiwa ni yóò ti padà, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní í rí bí ti àwọn àjọ òkèèrè.

Ti irinṣẹ́ kò gùn. Oníṣẹ́ abẹ tí kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, iná, ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí yóò kun aláìsàn lóorun kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ìparí oṣù kẹwàá 2024 dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2025, UCH Ìbàdàn, àgbà gbogbo wọn, wà láìsí iná ìjọba fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́ nítorí gbèsè. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nírú àsìkò yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, akunnilóorun ló ṣọ̀wọ́n jù. Mo ti rí ibi tí oníṣẹ́ abẹ méjì ti jókòó tí wọ́n ń dúró dè é. Bí ọmọ mi bá ń béèrè ẹ̀ka kan lọ́wọ́ mi tí iṣẹ́ kò ti ní í tán nílé tàbí lókè òkun, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ nàka sí. Ti àwọn dókítà egungun yàtọ̀: ìjàm̀bá ọkọ̀ East-West Road ń fún wọn níṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹbí bá gbọ́ iye owó irin tí wọ́n fẹ́ fi sí ẹsẹ̀, wọ́n á gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ẹni tó ń sanwó náà ló tún padà dé yẹn.

Ẹ̀ka ọpọlọ ni kò nílò irinṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti fi hàn ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, pé aláìsàn lè máa gbé láàárín ará abúlé kó sì máa gba ìtọ́jú, láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti oṣù kìíní 2023. Oògùn olóró tó ń jà láàárín àwọn ọ̀dọ́ ń kó iṣẹ́ wá sí Rumuigbo, dókítà sì lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti orí fóònù. Ohun tó ń dí ẹ̀ka yìí lọ́wọ́ ni pé ìdílé ṣì ń tijú, wọ́n ń kọ́kọ́ gba ilé àdúrà lọ, owó á sì ti tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Síbẹ̀, nínú èrò tèmi, òun àti ìṣègùn ìdílé ni iṣẹ́ wọn dájú jù fún ẹni tó fẹ́ dúró sílé. Ní ti ìṣègùn ìdílé, ẹ wo ohun tí ará Port Harcourt ń pè ní soot, èérú dúdú tó ń bà lé aṣọ àti ojú fèrèsé láti ìparí 2016, tí sísè epo rọ̀bì láìgbàṣẹ dá sí púpọ̀. Ẹni tó ń wúkọ́ nítorí rẹ̀ kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ́míìsì ló ń lọ, lẹ́yìn náà dókítà tó wà ní àdúgbò rẹ̀. Dókítà ìdílé ló ń kó iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ka tí kò tíì ní ẹni tó ń sanwó fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ka àwòrán inú ara. Geoffrey Hinton, àgbà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀, sọ ní 2016 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú kíkọ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀, pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ á ti mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ọdún márùn-ún kọjá, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wá wọn kiri, torí iye àwòrán tí wọ́n ń yà ń pọ̀ sí i. Ohun tó ti yí padà ni ibùjókòó iṣẹ́: àwòrán tí wọ́n yà ní Rumuokoro, ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè kà á lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìyẹn dára fún ẹni tó mọṣẹ́ gan-an.

Ní ti òkè òkun, kí òbí má fọkàn sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2025, dókítà tó lé ní 30,000 ló du nǹkan bí 10,000 àyè ìkọ́ṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ọdún mẹ́wàá tí ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún yẹn sì sọ pé ọmọ tó kàwé níbẹ̀ ni wọn yóò máa kọ́kọ́ fún. Àwọn kan ti yege PLAB, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún dókítà tó kàwé lókè òkun, síbẹ̀ wọn kò ríṣẹ́. Amẹ́ríkà ti máa ń gba àjèjì sí ìṣègùn ìdílé, ìṣègùn inú àti ọpọlọ ju iṣẹ́ abẹ egungun tàbí ti awọ ara lọ. Ẹni tó bá ti di kọ́ńsọ́tántì nílé ló ń rọrùn fún láti lọ sí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ọdún háúsì-jọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pinnu ẹ̀ka tí wọn yóò yàn. Oṣù méjìlá ni, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀ka mẹ́rin: ìṣègùn inú, iṣẹ́ abẹ, ọmọdé, àti agbẹ̀bí. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́dún yẹn ló sábà máa ń yàn. Kì í rí dókítà ọpọlọ, kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú akunnilóorun ju kó rí i lókèèrè, kì í dé ibi iṣẹ́ epo, kì í sì jókòó ti ẹni tó ń ka àwòrán. Kó fi ìsinmi rẹ̀ lọ sí Rumuigbo, kó sì bẹ akunnilóorun kan ní Alakahia pé kó jẹ́ kí òun dúró tì í láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn registrar ibẹ̀, kì í ṣe iye tí ọ̀gá wọn ń gbà, bí kò ṣe ta ló ń san án, iye kọ́ńsọ́tántì tó kù ní ẹ̀ka náà, àti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.